DNA Tí Mo Fi Àńkárá Ẹlẹ́yẹ Rán

Mo jowú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n sinmi. Àwọn kan á ní àwọn ò jowú rí láyé àwọn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi jowú. Ó hàn lójú mi, ó hàn lóhùn mi, ó tún wá hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi: máṣíìnì méjì, dígí kan, tábìlì kan tí mo ti ń géṣọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí láàárín ọkùnrin mẹ́ta. Nígbà tó rí iléèwé àwọn olùkọ́ wọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní bàọ́lọ́jì lòun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ, ọkọ mi ní kò sí wàhálà, kó máa lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ló fẹ́, òun náà sì ti di ọmọ ìjọ. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Kánádà. Ilé oníyàrá mẹ́rin, òun nìkan ló ń gbé e. Èmi gan-an ni mo di ẹrù ọmọ náà. Mo ra gààrí, mo ra èlùbọ́, mo bá a dé ọ̀hún, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o."

Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. (Ẹ má bínú pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní "ó". Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni, ìkúnlẹ̀ sì ni. Àmọ́ inú mi ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ nínú ibẹ̀.)

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi wálé fún ọlidé, ó ní, "Mọ́mì ní kí n kí yín."

Mo ní, "Mọ́mì wo?"

"Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́."

Háà! Èmi tí mo rọbí ọjọ́ méjì, èmi ni Màámi lásán. Ẹni tó fún un ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́, òun ni Mọ́mì. Mo ń gé aṣọ tó wà níwájú mi lọ, mo sì gé apá bùbá oníbàárà mi kúrú ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mọ́mì ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ wa. Mọ́mì ní kéèyàn máa se omi kó tó mu ún. Mọ́mì ti ka ìwé kan, Mọ́mì ti ra fáànù kan. Ọjọ́ kan mo sọ fún un pé tó bá tún pe Mọ́mì lẹ́ẹ̀kan sí i kí oòrùn tó wọ̀, màá na òun àti Mọ́mì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìjọra. Mo lọ kí wọn lọ́dún kejì. A wà ní ẹnu géètì, obìnrin aládùúgbò kan ń kọjá, ó wo ọmọ mi, ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yín yìí mà jọra bí ìmumu o, Mọ́mì!" Òótọ́ sì ni, ẹni tó bá ní ojú ò lè jiyàn. Iwájú orí yẹn, imú gígùn yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá ń gbọ́rọ̀. Imú tèmi fẹ̀, ó wà ní àyè ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ì bá ti sọ pé, "Rárá o, ìyá rẹ̀ nìyí." Kò sọ ọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ti géètì. Mi ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní iléèwé kan tí ìjọ àwọn dá sílẹ̀ ń wá tíṣà bàọ́lọ́jì, wọ́n ti mọ ọmọ náà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ó lè máa gbé lọ́dọ̀ mi títí tó fi máa rọ́kọ fẹ́, ìyàwó mi. Kò ni mí lára rárá."

Títí tó fi máa rọ́kọ fẹ́! Ìyẹn ni pé mi ò tún ní bá ọmọ mi gbé mọ́ láyé mi. Láti iléèwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ilé ọkọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, mo ti lọ bá oníléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí àdúgbò wa, tí mo máa ń rán yunifọ́ọ̀mù fún, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi àyè tíṣà kan pamọ́ fún ọmọ mi. Ó gbà. Mo sọ fún ọmọ náà. Ó ní, "Màá rò ó, Màámi." Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kó rò ó. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ ni.

Kí ọmọ mi padà wá sílé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́. Mi ò fẹ́ nǹkan míì lọ́dún náà.

Inú ìrònú yìí ni mo wà tí ọmọ náà fi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní iléèwé wọn máa pàtẹ ohun ìkọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ parí gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó wà ládùúgbò ṣe ohun tí òun á máa fi kọ́ àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ á sì máa yí ká láti fún wọn ní máàkì. Tiẹ̀ bọ́ sórí DNA. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lo páálí àti ìdérí ìgò. Èmi fẹ́ kí ẹ bá mi fi aṣọ rán an, Màámi."

Mo ní, "Mọ́mì rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Mọ́mì ò mọ aṣọ rán."

Mo ní, "Kí lo wí? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa."

"Mo ní Mọ́mì ò mọ aṣọ rán!"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ó wá ń ṣàlàyé ohun tí DNA jẹ́ fún mi. Ó ní, "Ẹ mú àkàbà, ẹ fún un bí ìgbà tí ẹ bá ń fún aṣọ tí ẹ fẹ́ sá. Bó ṣe rí nìyẹn." Ó ní ó wà káàkiri gbogbo ara wa, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, inú rẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe máa rí wà: imú, àwọ̀, gíga. Okùn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, ṣúgà àti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì ló so kọ́ra wọn níbẹ̀, ṣúgà kan, fọ́sífétì kan, títí lọ.

Mo ní, "Ṣúgà? Ṣé òun ló ń fa àtọ̀gbẹ?"

"Rárá, Màámi. Ṣúgà ọ̀tọ̀ ni."

Àwọn igi tí a máa ń tẹ̀ gun àkàbà náà wá ńkọ́? Ó ní ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ààbọ̀ méjì tó pàdé láàárín. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, lẹ́tà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: A, T, G àti C. A ò ní bá ẹlòmíì pàdé àfi T. G ò ní bá ẹlòmíì pàdé àfi C. Ó ní kí n má rán ibi tí wọ́n ti pàdé pọ̀, kí n fi húùkù sí i: húùkù méjì láàárín A àti T, mẹ́ta láàárín G àti C. Mo bi í pé kí ló dé tí mi ò lè rán an pa. Ó ní ó gbọ́dọ̀ lè ṣí, torí tí ara bá fẹ́ ṣe òmíràn, àárín náà ló máa ń là sí méjì, okùn kọ̀ọ̀kan á sì wá ẹnìkejì tuntun fún ara rẹ̀.

Ó wù mí. Mi ò tan yín, ó wù mí gan-an. Mo sì ti fún un ní ìtumọ̀ tèmi lọ́kàn mi. Okùn méjì: ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti bàbá rẹ̀. Ẹni Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní okùn kankan níbẹ̀.

Àńkárá tí mo fi rán okùn méjèèjì, èyí tó kù lára aṣọ Iléyá mi ni. Búlúù ni, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ funfun ń fò lórí rẹ̀, gbogbo ẹnu wọn kọjú síbì kan náà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ mi kígbe nínú fóònù pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màámi! Ẹnu ẹyẹ á jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí okùn kọjú sí." Ó wá ya àwòrán sórí bébà, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù.

Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà. Ọfà apá ọ̀tún kọjú sókè, ti apá òsì kọjú sílẹ̀. Tí mo bá gé e bẹ́ẹ̀, àwọn ẹyẹ apá ọ̀tún á máa fò lọ sókè, ti apá òsì á dorí kodò.

Ẹ bi télọ̀ èyíkéyìí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn: kí o tó gé aṣọ, wo orí rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbá mi létí lójú gbogbo ilé nítorí òdòdó kan tó dorí kodò lápá òsì bùbá. Oníbàárà tó bá rí ẹyẹ tó dojú délẹ̀ láyà ara rẹ̀, á ju aṣọ náà lé ẹ lórí, á sì sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ọwọ́ ọmọ yìí ló yẹ̀. Ọmọ télọ̀, kò mọ orí aṣọ!

Mo pè é kí n lè bi í. Mọ́mì rẹ̀ ló gbé e.

"Ìyàwó mi, ó wà nínú ilé ìwẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ DNA yẹn ni? Bí nǹkan kan ò bá yé ẹ níbẹ̀, mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ."

Bí nǹkan kan ò bá yé mi! Lórí aṣọ! Ara mi gbóná. Mo ní, "Rárá o, Àǹtí. Mo kàn ní kí n kí i ni." Mo pa fóònù. Mo yí aṣọ padà, mo kọ orí gbogbo àwọn ẹyẹ sókè, lọ́tùn-ún lósì. Apá wo ni ì bá tilẹ̀ dorí kodò gan-an? Ṣé tèmi ni?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò gba iṣẹ́ oníbàárà. Mo ki wáyà bọ etí okùn méjèèjì kó lè dúró. Mo fi aṣọ pupa ṣe A, yẹ́lò ṣe T, àwọ̀ ewé ṣe G, àwọ̀ èlùkò ṣe C. Mo gán húùkù síbẹ̀ ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta, mo kà á tán, mo tún un kà. Mo so orí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kọ́tìnì, mo fún un sọ́wọ́ ọ̀tún bó ṣe wí. Nígbà tí mo gbé e dúró, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ń kọjá ń yà wá wò ó, wọ́n ń bi mí pé irú ọ̀ṣọ́ ilé wo nìyí. Mo ní, "DNA ni. Ọmọ mi ló ni ín." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń rán DNA láti kékeré.

Mo wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí gáréèjì, mo fi ṣe wébíìlì, mo sanwó fún awakọ̀ tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ kó bá mi gbé e. Ọmọ mi ní ìdánwò lọ́jọ́ náà. Ta ló wọ kẹ̀kẹ́ lọ gbà á ní gáréèjì? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ọmọ mi pè, ó ní, "Màámi, ó rẹwà! Mọ́mì ti gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí n tó dé." Èwo ni ti gbígbé kọ́? Ta ló ní kó gbé e kọ́?

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, mo wọ léèsì mi tó dáa jù, mo wé gèlè tó dúró, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Gbọ̀ngàn náà kún. DNA páálí wà níbẹ̀, ti ìdérí ìgò wà níbẹ̀, ẹnì kan fi igi ìgbálẹ̀ ṣe tiẹ̀. Mo rí tèmi láti ẹnu ọ̀nà. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ, orí mi wú. Ọmọ mi ń ṣàlàyé fún àwọn kan, kò tíì rí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó gbé báàgì dání.

Mo sún mọ́ ọn. Mo wò ó. Mo tún un wò.

Àwọn ẹyẹ apá òsì ti dorí kodò.

Ẹnì kan ti tú okùn òsì látòkè délẹ̀, ó ti yí i, ó sì ti fi ọwọ́ rán an padà. Òwú funfun lórí àńkárá búlúù! Ìrán náà tóbi, ó wọ́, ibi kan fẹ̀, ibi kan fún, ó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mi ò kí i, mi ò kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Ó ní, "Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin! Ẹ bà á jẹ́! Ẹ wo ẹyẹ tó dojú délẹ̀! Ẹ gba ọmọ mi, kò tó yín, ẹ tún wá ba ojú mi jẹ́ láàárín àwùjọ!"

Àwọn èèyàn ti ń yíjú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kàn di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ méjì ni pílásítà wà níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Mo fẹ́ já ọwọ́ mi gbà nígbà tí olùkọ́ àgbà kan dé pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́. Ó wo iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀. Ó fi bírò tọ́ka sí àwọn ẹyẹ apá òsì.

Ó bi ọmọ mi pé, "Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí dorí kodò?"

Ọmọ mi ní, "Torí okùn méjèèjì kì í kọjú síbì kan náà, sà. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì á máa bọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá kọjú síbì kan náà, A àti T ò ní lè pàdé bó ṣe yẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ibi tí mo ti dé láàárọ̀ yìí, ìwọ nìkan lo rántí ìyẹn. Ta ló bá ẹ rán an?"

Ọmọ mi gbójú sókè sí mi. Ó wò mí, ó wo Mọ́mì rẹ̀ tó di ọwọ́ mi mú, ó tún wò mí. Ó ní, "Ìyá mi ni, sà. Télọ̀ ni wọ́n, láti Ọ̀yọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ náà tẹrí ba fún mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ mọ bàọ́lọ́jì o!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́, òun àti pílásítà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, ojú ì bá tì mí títí láé. Kò sọ ọ́.

Èmi ńkọ́? Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Nígbà tí àwọn èèyàn túká díẹ̀, ó rọra sọ fún mi létí pé, "Ọjọ́ tí mo gbà á ní gáréèjì ni mo rí i. Mo fẹ́ pè ẹ́, mo wá rò ó pé wàá ní mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́ rẹ. Ọmọ ò mọ̀. Má wulẹ̀ sọ fún un."

Ṣé ẹ rò pé mo dúpẹ́? Inú mi ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín, mo mọ bí màá ṣe dá a lóhùn, ẹnu mi ò kúrú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ nítorí mi, kó tún bò mí láṣìírí, kí wá ni kí n fi ṣe? Ó ti ní ìwé, ó ti ní ilé, ó ní imú ọmọ mi, ó tún wá ní ìwà. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe kórìíra ẹnikẹ́ni rí.

A jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo fẹ́ fi nǹkan kan tu ara mi nínú, mo ní, "Nínú okùn méjì yẹn, ọ̀kan tèmi ni, àbí? Èkejì ti bàbá rẹ."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Rárá, Màámi, kò rí bẹ́ẹ̀. Odidi àkàbà ni ẹ̀yin fún mi, okùn méjèèjì. Odidi àkàbà ni Bàámi náà fún mi. Ọmọ ìyá kan ni Bàámi àti Mọ́mì, púpọ̀ nínú ohun tó wà lára Bàámi ló wà lára Mọ́mì náà. Ìdí tí mo fi jọ wọ́n nìyẹn."

Ìrẹsì ẹnu mi di iyanrìn. Ó wà níbẹ̀ náà! Kò síbi tí mo lè sá sí tí obìnrin yìí ò ní sí níbẹ̀.

Ọmọ mi wá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti rò ó. Ọ̀yọ́ ni màá padà sí. Mo fẹ́ wà nítòsí Màámi."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó kó àwo, ó kó àwo tèmi náà tí mi ò tíì jẹ tán. A gbọ́ omi tó ń dà nínú kíṣìnì fún ìgbà pípẹ́, àwo mẹ́ta péré ló sì kó lọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ mi tìtorí rẹ̀ fi mí yangàn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló tún un ṣe. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, kí ọmọ mọ òótọ́ kó lè tún ìpinnu rẹ̀ rò. Mo dákẹ́. Ọmọ mi ń bọ̀ wálé, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè la ẹnu mi kí n dá a padà.

Báyìí, ó ti ń kọ́ni ní Ọ̀yọ́. Ó máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iléèwé, a jọ ń jẹ ẹ̀wà. Ó gbé DNA náà kọ́ sí kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ń fà á, wọ́n ń ṣí húùkù, wọ́n ń pa á dé. Nínú oṣù tó kọjá húùkù mẹ́ta ṣí kúrò, ó gbé e wá kí n bá a tún un ṣe, ó ní òun fẹ́ ra nǹkan lọ́jà kóun tó padà wá.

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo gán húùkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ìrán funfun yẹn. Mo mú bíléèdì. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, kí n kúkú tún apá òsì ṣe dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo ń já a níkọ̀ọ̀kan, ó sì dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo tú u tán, mo fi òwú búlúù rán an lórí máṣíìnì. Àwọn ẹyẹ ṣì dorí kodò bó ṣe yẹ, ìrán náà sì gún régé, kò sí àmì ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ mọ́ àyàfi tèmi. Mo gbé e kọ́, mo jókòó, mo ń wò ó.

Ọmọ mi wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màámi, ìrán Mọ́mì dà?"

Mo ní, "Ìrán wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rán nígbà tí wọ́n yí àwọn ẹyẹ padà."

Mo ní, "O mọ̀?"

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo bá a ní pálọ̀. Mo mọ ọwọ́ yín, Màámi, ẹ ò lè rán nǹkan báyẹn láéláé. Mọ́mì ò mọ̀ pé mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o fi sọ fún wọn pé èmi ni?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Mo wo ojú yín lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé tí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lè fara dà á. Mọ́mì lè fara dà á. Ìdí tí mo fi padà wálé náà nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, níbi tí mo da àwọn òwú funfun náà sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.